Àgọ́, Ọ̀nà àti Orúkọ Ẹranko

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé òyìnbó ni ó ni àṣà kí àwọn ènìyàn kó ara wọn jọ, kí wọ́n di àgọ́ mọ́ ẹrù, kí wọ́n sì máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láti lọ wo ẹranko nínú igbó. Kò yẹ kí a bínú sí ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò sínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń la aginjù Sàhárà kọjá lọ sí Nairobi, tí oṣù mélòó kan yóò sì kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó bá rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà, tí eruku ti bò wọ́n lójú, tí wọ́n ń dáná lórí òkúta mẹ́ta bí ẹni tí kò nílé, yóò mi orí, yóò sì wí pé owó ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ìtàn léèrè ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn yóò dá wa lóhùn pé àwọn baba wa ti ń pàgọ́ tipẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gba ojú ọ̀nà wa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí àwọn àgbà ìlú náà ń sọ ni pé ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó di Ṣọ̀ún, abẹ́ igi àjàgbọn ni ó sì tẹ̀dó sí. Nígbà tí ó ṣe, ó rí èéfín tí ń rú níbòmíràn nínú igbó, ó sì tọ èéfín náà lọ. Báyìí ni ó ṣe bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé: Aále ní ibi tí à ń pè ní Òkè Ẹlẹ́rin lónìí, àti àwọn mìíràn ní Ìjẹrù àti ní Ìsàpá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Alóńgò sílẹ̀ láti máa jùmọ̀ dẹ ìgbẹ́, láti máa gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń jí ènìyàn kó lẹ́rú, àti láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ bí ọwọ́ ẹnìkan kò bá ká iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe àgọ́? Láti ara iná àwọn ọdẹ ni ìlú ńlá náà ti tàn.

Ti Ọ̀yọ́ tilẹ̀ hàn gbangba nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, Àgọ́ Ọjá ni Aláàfin Àtìbà sọ di olú ìlú tuntun. Títí di òní olónìí, bí ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́ bá dùn, wọn a máa ki ìlú wọn ní Àgọ́ d'Ọ̀yọ́. Àwọn tí ó ń gbé ààfin lónìí, inú àgọ́ ni àwọn baba ńlá wọn ti dìde.

Lẹ́yìn ti àwọn ọdẹ ni ti àwọn oníṣòwò. Kí ọkọ̀ tó di ohun tí ó wọ́pọ̀, ẹsẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń rin ọ̀nà Parakou, Djougou àti Yendi títí wọn yóò fi dé àríwá Gold Coast, tí aṣọ òfì yóò wà lórí wọn. Wọn kì í dá rìn. Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn, nítorí pé olè wà lọ́nà, ẹranko sì wà nínú ìgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a sọ ẹrù kalẹ̀, wọn a dáná, wọn a sì pín ìṣọ́ òru. Ọmọ wọn pọ̀ ní Tamale àti ní àwọn ìlú mìíràn lẹ́bàá rẹ̀ títí di ọdún 1969.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ní ọdún 1988, èmi àti àwọn ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan rin ọ̀nà náà láti Ọ̀yọ́ títí dé igbó Mole ní Gánà, a sì sùn nínú àgọ́ ní ọ̀pọ̀ òru. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni a bá lọ. Ọ̀rọ̀ èdè ni ó gbé wa dìde.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ìjálá sì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò wa. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìhun ìjálá jáde ní ọdún 1966 ni ọ̀nà ti là fún gbogbo àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. A mọ àdàkọ, a mọ àfiwé, a mọ bí ohùn ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń ṣàlàyé oríkì ẹranko, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ó ń jẹ́ ìrá? Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òtòlò?" Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó wà níwájú mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò ju pé irú ẹranko igbó kan ni àwọn méjèèjì. Mo bi gbogbo kíláàsì bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ti rí erin rí. Kò sí. Ọmọ Òkè Ẹlẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà láàárín wọn, orúkọ erin ni wọ́n fi ń pe àdúgbò rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun náà kò sì rí i rí àfi nínú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Bí ènìyàn bá ń pe orúkọ ohun tí kò mọ̀, tí ó ń fi ohun tí kò rí rí ṣe àfiwé ohun mìíràn tí kò rí rí, ǹjẹ́ kò ní di ọjọ́ kan tí èdè rẹ̀ yóò di ìkòkò tí ó ń dún tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀? Mo lọ bá bàbá ọdẹ kan ní abúlé kan lápá Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ògbólógbòó oníjàálá tí mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Bàbá, níbo ni ẹ ti rí erin?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá bàbá òun pa erin, bàbá òun rí erin, òun kò rí ju ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì ti pẹ́ jọjọ. Ọkùnrin tí mo sọ yìí lè ki erin láti ìdájí títí oòrùn yóò fi yọ.

Níbẹ̀ ni èrò ìrìn àjò náà ti wá. A di mẹ́rìndínlógún: akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, olùkọ́ méjì, awakọ̀ kan, Bàbá Ọdẹ, àti bàbá àgbàlagbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Gánà, nítorí pé Tamale ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá Gánà gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Dagbani, ó sì mọ ọ̀nà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 ti fún wa láǹfààní láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa láìgba físà, nítorí náà ìwé ìrìnnà nìkan ni ó kù. A háyà bọ́ọ̀sì kan, a ra tapólì tí a fi rán àgọ́ mẹ́rin, a di gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà àti epo, a sì gbéra lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ tí koríko sì ti gbẹ. Àkókò náà ni ẹranko ń wá sétí omi.

Igbó Kainji ni a kọ́kọ́ yà sí. Ní ọdún 1979 ni ìjọba so igbó Borgu àti igbó Zugurma pọ̀ tí ó fi di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Wọ́n fún wa láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlejò tí ó wà létí odò Olí, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé Bàbá Gánà kì í ṣe ẹni tí a mú dání lásán. Àwọn ọmọ fẹ́ ta àgọ́ kiri bí ó ti wu olúkúlùkù. Ó ní rárá. Ó ní kí a kọ́kọ́ dáná. Kí ẹrù yí wa ká. Kí àwọn obìnrin wà láàárín. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ sétí omi lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kí ìkòkò oúnjẹ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó pín ìṣọ́ òru sí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà kùn pé a kò sí lójú ogun. Bàbá Gánà dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bàbá mi rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀méje. Bí wọ́n ṣe sùn nìyẹn tí wọ́n fi jí." Ní òru ọjọ́ náà ni a gbọ́ ohùn kìnnìún lókèèrè. Ọmọ tí ó kùn yẹn ni ó kọ́kọ́ dìde láti fi igi síná.

Ìgbà tí a ti ń rìn ni mo bi Bàbá Gánà léèrè ohun tí ó mú kí ọ̀wọ́ àwọn bàbá rẹ̀ lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà láìtú. Ó sọ fún mi pé òfin wọn kò pọ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá wú, gbogbo wọn ni yóò dúró dè é. Bí kò bá lè ru ẹrù rẹ̀, wọn yóò pín ẹrù náà rù. Ẹni tí ó bá fi ẹnìkejì sílẹ̀ lọ́nà kò tún gbọdọ̀ bá ọ̀wọ́ kankan jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Kò pẹ́ tí òfin náà fi kàn wá. A ti gba Nikki àti Parakou kọjá ní orílẹ̀-èdè Benin, tí à ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, a sì ti dé Tanguiéta lẹ́nu ọ̀nà igbó Pendjari, nígbà tí ibà gbé ọmọbìnrin kan dè, èyí tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ìrá àti òtòlò lọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Awakọ̀ wa ní owó ọjọ́ ń lọ, kí a fi í sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí àwọn ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní ìlú náà, kí a wá mú un nígbà tí a bá ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń gbé e yẹ̀ wò. Bàbá Gánà kò jiyàn. Ó ká ẹní rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn, ó sì jókòó sórí rẹ̀. Bàbá Ọdẹ tẹ̀lé e. Kí iná ìrọ̀lẹ́ tó jó, gbogbo wa ti wà lábẹ́ igi náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀, ara ọmọ náà sì yá.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà ni ọkọ̀ akẹ́rù àwọn òyìnbó kan dé. Wọ́n tó ogún, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti rin ọ̀nà láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n pàgọ́ tì wá. Obìnrin kan nínú wọn ní ìwé tí a ya àwòrán gbogbo ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà sí, tí a kọ orúkọ wọn ní èdè Látìn. Ó jókòó ti Bàbá Ọdẹ, ó ń ṣí ìwé náà fún un ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń túmọ̀. Bàbá Ọdẹ ń pe orúkọ: ẹfọ̀n, ìmàdò, ẹtu, èsúró, ìkookò, erinmi. Bí ó bá pe orúkọ tán, yóò fi ìwọ̀nba oríkì kan tẹ̀lé e, àwọn òyìnbó yóò sì pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà wí fún mi pé òun ti rí púpọ̀ nínú àwọn ẹranko wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí wọn bí a ti ń kí ọba. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tiwa yí padà sí tirẹ̀: a ti ń kí wọn láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, a kò tíì rí wọn ni.

Nígbà tí a wá wọ igbó Pendjari, ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn ẹranko kọ̀ọ̀kan ni Bàbá Ọdẹ fi ń kọ́ wa. Ó fi ìka tọ ipa ẹsẹ̀ kan nínú ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ, ó ní òtòlò ni ó ni ín, nítorí pé òtòlò kì í jìnnà sí omi. Lẹ́yìn náà ni ó tọ́ka sí òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ, ní ibi tí ilẹ̀ ti le tí koríko sì ga, ó ní ìrá nìyẹn. Ọmọbìnrin tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. A rí ẹfọ̀n, ó pọ̀ lọ súà. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò wá, wọn kò sá. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ ìdí tí oníjàálá fi ń ka ẹfọ̀n sí ẹranko tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fojú di. Mo ti ṣàlàyé èyí fún wọn nínú kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Ìwò kan ṣoṣo tí ẹfọ̀n wò wọ́n ni ó yé wọn.

A gba Kara kọjá ní Tógò. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò gbọdọ̀ fò. Igbó Kéran wà lápá àríwá ìlú náà, èyí tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko ní ọdún 1971, tí wọ́n sì fi agbára lé àwọn ará oko kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún 1988 ẹranko ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí rúkèrúdò òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí a lé kúrò padà wá gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sì pa ẹranko náà nípakúpa. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ohun tí a kò fi ti ẹni ṣe, ẹni kì í ṣọ́ ọ. Bí a bá sọ ẹranko di ọ̀tá àgbẹ̀, ọjọ́ tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ni ẹranko yóò tán.

Tamale ni ọ̀rọ̀ ti di ti Bàbá Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Gánà ní ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́jà, ó sì ti kọ́ ilé dé orí òrùlé. Ó ta ohun tí ó lè tà, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ náà kò dé rí. Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí kò tíì fẹsẹ̀ kan Tamale. A bá a lọ sí ibi tí ilé náà wà. Ẹlòmíràn ti ń gbé inú rẹ̀, àgbàlagbà ará Dagomba kan, òun náà sì dá a mọ̀. Àwọn méjèèjì di mọ́ ara wọn, wọ́n ń sọ Dagbani tí ẹnì kankan nínú wa kò gbọ́. Nígbà tí a jókòó tán, ọkùnrin náà gbé obì kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ilé. Nígbà tí a jáde, mo bi Bàbá Gánà léèrè bóyá inú bí i. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Àwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1983, mo sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí bí wọ́n ti ń di ẹrù wọn. Ọ̀nà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ni ó ń dí i."

Láti Tamale a gba Damongo lọ sí Larabanga, a sì wọ Mole, igbó ẹranko tí ó tóbi jù lọ ní Gánà, èyí tí ó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1971. Ilé àlejò ibẹ̀ wà lórí òkè. Bí ènìyàn bá dúró létí òkè náà, yóò rí adágún omi nísàlẹ̀. A pàgọ́, a sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Bàbá Ọdẹ ti lọ jókòó sórí òkúta kan, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń wo omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, wọ́n jókòó yí i ká, nítorí gbogbo wa ni ó dá lójú pé bí erin bá yọ, ìjálá tí a kò gbọ́ rí ni yóò jáde.

Erin yọ. Mẹ́ta ni wọ́n, akọ ni gbogbo wọn. Wọ́n ti inú igi wá láìsí ariwo, bí ẹni pé òkè ni ó ń rìn, wọ́n sì wọ inú omi dé àyà. Bàbá Ọdẹ ṣí fìlà. Kò sọ ohunkóhun. Ẹ̀rọ ń yí, kásẹ́ẹ̀tì ń lọ, kò sí ohùn nínú rẹ̀ bí kò ṣe ti ẹyẹ àti ti omi. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé omijé wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, erin àgbà inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gbá ara rẹ̀, Bàbá Ọdẹ sì gbá mi lápá mú. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ gbọ́ ọ. Òun nìyẹn."

Ohun tí ó ń sọ ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú oríkì erin tí wọ́n fi ń fara wé ìró. Láti kékeré ni ó ti ń pè é bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ohun tí ó sì rò ni pé ìró igi tí erin ń dá ni. Èmi náà ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìró etí ni. Bí etí erin bá lu èjìká rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ti dún gan-an ni ó ń dún, ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà láàárín kíkàn kan àti èkejì sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà bákan náà. Ọdẹ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ti dúró sí ibi tí ó súnmọ́ erin tó bẹ́ẹ̀, kò sì sá títí ó fi gbọ́ ọ yé. Láti ẹnu dé ẹnu ni wọ́n ti gbé ìró náà wá fún wa, gbogbo wa kàn ń rù ú bí ẹrù tí a kò tú wò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nídìí iná, Bàbá Ọdẹ ki erin. Nígbà tí ó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó dúró díẹ̀, ó pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò tíì gbọ́ ìjálá tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Àwọn bàbá méjèèjì ti di ẹni ilẹ̀. Ọ̀nà tí a rìn pàápàá ti yí padà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, ibi mẹ́rin péré ni wọ́n sì wà, Kainji jẹ́ ọ̀kan, igbó Pendjari àti àwọn tí ó tò tì í sì ni èyí tí ó tóbi jù. Àjọ UNESCO ka Pendjari mọ́ ogún ayé ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 ni àwọn agbébọn pa ọkùnrin tí ń fi ọ̀nà han àlejò níbẹ̀, tí wọ́n sì jí àlejò méjì gbé. Ní oṣù kejì ọdún 2022 wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní igbó W tí ó bá a pààlà. Ní ọdún 2025 ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Benin ni ó kú ní agbègbè kan náà. N kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó jìnnà. Ní ọdún 1991 ni ìjọba sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé àti igbó Ògùn Òkè di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ìṣokùn ní ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Inú igbó kan náà ni àwókù odi Ọ̀yọ́ Ilé wà. Àwọn ẹranko kan ṣì ń mu omi níbẹ̀, ìpa sì ń dín wọn kù lójoojúmọ́. Mélòó nínú àwa tí ń kọ́ni ní ìjálá ni ó ti mú akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀ rí? A ń náwó lórí ìwé, a ń ṣe àpérò, a ń jiyàn lórí bí ó ti yẹ kí a kọ orúkọ ẹranko sílẹ̀, ẹranko fúnra rẹ̀ sì ń kú lọ ní ibi tí kò jìnnà sí wa. Bí òtòlò ìkẹyìn bá kú nínú igbó náà, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, yóò sì máa jẹ́ irú ẹranko igbó kan títí ayé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí ẹni tí ń kọ́ni ní èdè wa bá ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìṣokùn sọ̀rọ̀, kí ó béèrè ibi tí ó fara rọ, kí ó sì tẹ̀lé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí wọ́n mú oníjàálá àgbà kan dání nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e. Kí àgbẹ̀ àti ọdẹ tí ó bá igbó pààlà jẹ nínú àǹfààní ìrìn àjò náà, kí wọ́n má baà wo ẹranko bí ará Kéran ti wò ó. Bí ẹnìkan bá sì ṣàìsàn lọ́nà, kí gbogbo wọn dúró dè é. Ọmọbìnrin tí a dúró dè ní Tanguiéta ti di olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n kọ ìyàtọ̀ ìrá àti òtòlò sí ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti mú wọn wọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́ẹ̀mejì.